Bí ẹ ṣe lè yan rìsífà hóòmù tíátà tó yẹ pálọ̀ yín ní Òṣogbo

Ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé hóòmù tíátà àkọ́kọ́ tí mo fi owó gọbọi rà kò dáa. Kò bú u, kò sì bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí nígbàkigbà tá a bá jókòó wo fíìmù Yorùbá: "Kí ló wí?" Ilẹ̀ ń mì tìtì, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n, síbẹ̀ ìyá ò gbọ́ ohun tí òṣèré sọ. Ẹni tó pe ọkọ́ lè jẹ́ pé ọkọ̀ ló pè, ó sì lè jẹ́ ọkọ. Èdè olóhùn ni tiwa. Ibi tí ohùn bá ti dàrú, ìtumọ̀ ti bá a lọ.

Látìgbà náà, tí mo bá ń bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yan rìsífà, ohun tí mò ń wá ni ẹ̀rọ tó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn jáde gaara, tí iná wa ò ní tètè pa, tí owó rẹ̀ ò sì ní ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Rìsífà tí mò ń wí ni ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán àti ohùn láti ara dikódà, fóònù tàbí ẹ̀rọ gémù, tó ń fún ohùn náà lágbára, tó sì ń pín in fún sípíkà márùn-ún, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe hóòmù tíátà inú páálí, tí ẹ̀rọ àti sípíkà jọ wá pọ̀, tó jẹ́ pé tí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ di àwókù.

1. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó wo orúkọ iwájú rẹ̀

Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ volt 230, Hz 50 (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Òṣogbo níbí gan-an ni National Control Centre wà, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ Hz 50 yẹn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà kò yẹ kí ará ìlú yìí gbàgbé nọ́ńbà náà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ volt 120, Hz 60. Ti Japan jẹ́ volt 100. Rìsífà tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá sì wà lọ́jà wa dáadáa.

Mo ti jìyà èyí rí. Mo ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi dá mi lójú pé kò sí wàhálà kankan, pé kí n sáà lọ kì í bọ iná. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa ló wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, ohun tó sì tàn mí nìyẹn: wọ́n ti gé ti Amẹ́ríkà kúrò, wọ́n so tuntun mọ́ ọn. Mo kì í bọ ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ rárá, mo gbọ́ "pàá!", òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo pálọ̀. Nígbà tí àbúrò kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìgbóǹnà tú ìdérí rẹ̀, ohun tí wọ́n fi bo wáyà tíránsífọ́mà ti yọ́, ó rọ̀ bí ọ̀dà títì lọ́sàn-án gangan. Ó yí ẹ̀rọ náà padà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí igun tí wáyà ti wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á." Lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín bí ẹsẹ̀ èèrà: AC 120V 60Hz.

Torí náà, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa yọ ní ìsọ̀. Bó bá jẹ́ 230V tàbí 220–240V lẹ kà níbẹ̀, ẹ máa bá ìnájà lọ. Bó bá jẹ́ 120V, ẹ ṣì lè rà á, àmọ́ ẹ fi owó tíránsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ kún un, kí agbára rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Rìsífà tí wọ́n kọ 500W sí lẹ́yìn, tíránsífọ́mà 1000W ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ni owó pọ́ọ́kú tí wọ́n pè é ti máa ń di owó ńlá. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí i pé wọ́n gé wáyà so, ẹ fura.

2. Ẹ má jẹ́ kí wáàtì ara páálí dẹ́rù bà yín

Gbogbo wa la ti rí sípíkà tí wọ́n kọ 10,000W PMPO sí. Ìpolówó lásán ni PMPO, kò sí òdiwọ̀n kan pàtó nídìí rẹ̀, ẹ fò ó dá. Ti rìsífà gidi ló gba sùúrù, torí pé òótọ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni òótọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú Denon AVR-X1700H. Níbì kan, wọ́n kọ 80W sí i. Níbòmíràn, wọ́n kọ 145W. Ẹ̀rọ kan náà ni, kò sì sí ẹni tó purọ́. 80W ni ohun tó lè gbé jáde nígbà tí sípíkà méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, láti orí ohùn tó wúwo jù (20Hz) títí dé orí èyí tó tín-ín-rín jù (20kHz), lórí sípíkà ohm 8 (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó), tí àbàwọ́n inú ohùn náà kò sì ju 0.08% lọ. 145W ńkọ́? Sípíkà kan ṣoṣo, ohùn kan ṣoṣo, ìyẹn 1kHz, ohm 6, àbàwọ́n 1%. Ó dà bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan rin ìṣísẹ̀ méjì, tá a wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó ṣe máa gbé e dé Ìkìrun nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Lórí fóònù yín, ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, ẹ wá ìlà tí wọ́n ti kọ ohm 8, 20Hz–20kHz, sípíkà méjì. Èyí nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé fún gbogbo rìsífà tẹ́ ẹ bá ń fi wé ara wọn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kọ tiẹ̀ lórí ohm 6 àti 1kHz, ẹ má fi wé ti ẹni tó kọ ohm 8. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ tún mọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba owó yín lásán: ìlọ́po méjì wáàtì kì í ṣe ìlọ́po méjì ariwo. Láti 50W sí 100W, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló fi lé e (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń kọ ní dB, ni ìwọ̀n ariwo). Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó ń fẹ́ nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì. Ìyàtọ̀ 80W sí 100W kò tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan. Bí ẹ bá fẹ́ ariwo sí i, sípíkà ni kẹ́ ẹ wò. Sípíkà tó ń dún 90dB lórí wáàtì kan ní mítà kan, tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò èyí tó ń dún 87dB, bí ẹni pé ẹ sọ wáàtì rìsífà yín di méjì ni.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú. Bí méjì bá ní wáàtì kan náà lójú ìwé, èyí tó wúwo jù ni tíránsífọ́mà rẹ̀ sábà máa ń tóbi jù.

3. Orúkọ ilé iṣẹ́, àti ohun tí mo rò nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan

Denon ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí kò lo rìsífà rí. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló ti máa ń fi hàn yín bẹ́ ẹ ṣe máa so wáyà kọ̀ọ̀kan, maikirofóònù Audyssey tó bá a wá, èyí tó ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń dún nínú pálọ̀ kí ẹ̀rọ lè tún un ṣe, sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú pálọ̀ onísìmẹ́ǹtì bíi tiwa. Marantz àti Denon ti di ọmọ ilé kan náà láti 2002, ọ̀pọ̀ nǹkan inú wọn sì jọra. Marantz lẹ́wà lójú ju Denon lọ, wọ́n sì ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà fún ohùn lágbára, tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé ohùn rẹ̀ rọ̀. Mo gbọ́ ìyàtọ̀ náà díẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ tó owó tí wọ́n fi lé e.

Ẹni tó dá Yamaha sílẹ̀ ti ń ṣe dùùrù láti 1887; irin ẹlẹ́nu méjì tí àwọn olórin fi ń tún ohùn ṣe, mẹ́ta, ló wà nínú àmì ilé iṣẹ́ náà títí dòní. Ohùn rẹ̀ yọ ṣáká, orin sì dùn lórí rẹ̀ gan-an. Nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọwọ́ mi ti kàn, Yamaha ni mo rí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ kàn mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ àwọn kékeré rẹ̀, ojú ìjókòó kan péré ni YPAO, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe bí pálọ̀ bá ṣe rí, máa ń wọ̀n.

Onkyo ń fún èèyàn ní nǹkan púpọ̀ fún owó rẹ̀, Pioneer sì ti bá a jẹ́ ọmọ ilé kan náà láti 2015. Àwọn tuntun wọn tó ní Dirac Live ń tún ohùn ṣe débi pé mo lè fi owó mi rà á lónìí. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2009 sí 2012 ní àléébù nínú bọ́ọ̀dù wọn, ohùn á dédé dákẹ́, Onkyo fúnra rẹ̀ sì fa àkókò àtúnṣe ọ̀fẹ́ wọn síwájú dé òpin 2018. Àkókò yẹn ti kọjá, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí káńtà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é. Ilé iṣẹ́ Onkyo àtijọ́ wọ gbèsè ní Japan lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dìgbà náà, wọ́n sì ń ṣe tuntun lọ.

Sony rọrùn lówó, ó sì rọrùn láti lò. Bó bá jẹ́ sípíkà márùn-ún àti wúfà kan lẹ fẹ́, tí ẹ ò sì fẹ́ máa tẹ nǹkan púpọ̀, kò burú rárá. NAD, Anthem àti Arcam dára púpọ̀, owó wọn sì ga. Èmi ò ní ra ohun tí mi ò mọ ibi tí màá ti rí pààtì rẹ̀ nílùú yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ontajà ò ní sọ fún yín. Bí rìsífà méjì tó dáa bá ń dún ní ìwọ̀n kan náà, tí wọn ò sì tíì dé òpin agbára wọn, ìyàtọ̀ ohùn àárín wọn kéré. Pálọ̀ yín àti sípíkà yín ló ń yí ohùn padà jù. Ibi tí orúkọ ti wúlò ni bí wọ́n ṣe ń tún ohùn ṣe fún pálọ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń pẹ́ tó, àti bóyá ẹ lè rí ẹni tún un ṣe.

4. Ẹ fi etí yín dán an wò

Ẹ gbé orin tiyín lọ sí ìsọ̀ lórí fúláàṣì. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí wọ́n ti fún un pọ̀, òróró rẹ̀ ti jáde. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń gbé dání.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu, bóyá ìròyìn tàbí apá kan nínú fíìmù tí orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dijú. Ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìwo ẹnu òṣèré?

Èkejì ni dùndún. Etí wa mọ ìyá ìlù ju ohunkóhun lọ, torí ó ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ lè máa pe ohun tí onílù ń wí tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fún awọ tán, tó wá ń dẹwọ́, tí ohùn ń yọ́ láti òkè bọ̀ wálẹ̀, kó yọ́ wálẹ̀ geerege ni, kó má fò, kó má sì wú. Tí omele bá wọlé, kí ìyá ìlù má sọnù sí àárín wọn. Kẹ́ ẹ lè nawọ́ sí ibi tó dúró sí láàárín sípíkà méjèèjì. Ẹ̀rọ tó bá ń dún gbì-gbì-gbì lásán níbi tí ìlù ti ń kí èèyàn ti jẹ́ kí ohùn wúfà bo ti àárín mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bọ́ lé igbá lẹ fẹ́ gbọ́, ṣàkà-ṣàkà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń dún ṣììì bí omi tí wọ́n dà sórí irin gbígbóná, ohùn òkè rẹ̀ ti le jù fún etí tó máa gbọ́ ọ fún wákàtí méjì.

Tẹ́ ẹ bá ń fi méjì wéra, sípíkà kan náà ni kẹ́ ẹ lò fún méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ariwo wọn dọ́gba pẹ̀lú, torí èyí tó bá ròkè díẹ̀ ni etí á máa sọ pé ó dùn jù. Ẹ gba áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, ẹ jókòó sójú kan, ẹ tún ìkọ̀ọ̀kan ṣe títí tó fi máa wà ní 70dB. Ẹ tẹ Direct tàbí Pure Direct kí gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ ohùn kúrò.

Fún tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Òórùn jíjóná ló burú. Ẹ dá orin dúró, ẹ fetí sí sípíkà bóyá ó ń kùn. Ẹ dán gbogbo ojú HDMI wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì bèèrè maikirofóònù rẹ̀! Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, láìsí i ẹ ò lè tún ohùn ṣe fún pálọ̀ yín, òun ló sì máa ń sọnù jù lára tòkunbọ̀.

5. Ẹ pín owó yín kó tó tán

Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí ó ju ìdajì owó lọ tí mo máa fi ra sípíkà. Sípíkà àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà jáde, nítorí náà ẹ má fi ṣe àfipamọ́ owó. Kí òun àti ti ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ irú kan náà. Bí owó ò bá tó, ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ dìgbà míì.

Ẹ má sanwó fún ohun tẹ́ ẹ ò ní lò. Dolby Atmos, ìyẹn ohùn fíìmù tó ń dún látòkè pẹ̀lú, ń fẹ́ sípíkà sókè, ó kéré tán méjì, ìyẹn sì ń fẹ́ rìsífà tó ní àyè sípíkà méje. Bí dikódà, YouTube àti fúláàṣì lẹ ń lò, àyè márùn-ún tó yín. Àmọ́ ẹ rí i pé ó ní HDMI ARC, kí ohùn tẹlifíṣọ̀n lè gba wáyà kan ṣoṣo padà sínú rìsífà. Bí àwọn ọmọ yín bá ń ta gémù lórí Xbox Series X, ẹ ṣọ́ra fún Denon, Marantz àti Yamaha tó jáde ní 2020, torí àwọn kan nínú wọn ò lè gbé àwòrán 4K 120Hz rẹ̀ kọjá.

6. Wáyà àti iná

Wáyà bàbà 1.5mm tí àwọn oníná ń lò tó fún pálọ̀ wa. Bó bá jìnnà ju mítà mẹ́wàá lọ, ẹ lo 2.5mm. Ẹ fi abẹ fá ẹnu rẹ̀: bó bá funfun nínú, álúmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Rìsífà ń fẹ́ ìnfátà pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba. Àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kó kùn hùn-ùn, tíránsífọ́mà rẹ̀ á sì máa gbóná. Ẹ fi sitebuláísà sí i. Tí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tó bá dé kẹ́ ẹ tó kì í padà.

7. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí

Pálọ̀ wa kún fún táìsì, ògiri lásán àti gíláàsì. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń dún kéń-kéń padà, bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe máa dàrú nìyẹn. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síwájú àga, ẹ fi kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kákò dáadáa. Ìlú aláró ni wá, aṣọ ò wọ́n wa, ṣùgbọ́n àdìrẹ fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ fi kọ́ ògiri kò ní mú ohùn tó pọ̀.

Fún wúfà, ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí ìjókòó tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin sí i, kẹ́ ẹ wá máa rá káàkiri etí ògiri. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti dún geere, tí kò wú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti fáànù, kẹ́ ẹ ní kí àwọn ọmọ bọ́ sí ìta. Ẹ gbé maikirofóònù sí ibi tí etí máa ń wà, lórí igi tàbí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Audyssey máa ń gba ibi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ẹ má fò ọ̀kankan. Tó bá parí, ẹ lọ wò ó: bó bá kọ "Large" sí sípíkà kéékèèké yín, ẹ yí i sí "Small", kẹ́ ẹ fi ààlà rẹ̀ sí 80Hz, kí wúfà máa gba ohùn tó wúwo.

Nílé wa, mo tún gbé sípíkà àárín sókè pẹ̀lú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 2. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ òṣèré kí èmi tó gbọ́ ọ tán.

Ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà kó lè mí. Èèrà àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, torí náà ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ojú ihò rẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti dé.

8. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ sí, kẹ́ ẹ sì bèèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa gbà á padà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méje ni wọ́n fún yín, ẹ má tọ́jú ẹ̀rọ náà de ọjọ́ ìkómọ. Ẹ lò ó lójoojúmọ́, fíìmù kan lódidi lálẹ́, lórí iná ìjọba àti lórí ìnfátà, kẹ́ ẹ sì tan gbogbo sípíkà. Bọ́ọ̀dù tó bá ń ṣàìsàn sábà máa ń dákẹ́ nígbà tó bá ti gbóná fún wákàtí kan tàbí méjì.